Omi Dídùn Kò Pọ̀ Lábẹ́ Yanrìn: Ìkìlọ̀ fún Àgbẹ̀ Etíkun

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko létí òkun, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ síbẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú owó láti ra sùmó tí yóò máa fa omi fún ẹ̀fọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ná owó náà. Láti Ìlàjẹ títí dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, láti Àgbádárìgì kọjá Sèmè lọ dé Grand-Popo, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta ilẹ̀: yanrìn dára fún ewébẹ̀, omi kò sì jìnnà, bí ẹ bá gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n ìdúró ènìyàn kan, ẹ ó ti bá omi. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé omi dídùn ọ̀hún ní ìwọ̀n, pé omi iyọ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti pé ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà yẹn lè fa ti ìsàlẹ̀ wá sókè láàárín ọdún mélòó kan, kí oko sì di ibi tí igbó gan-an ń tiro hù.

Ibì kan wà tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ohun tó ń bá wọn fínra lónìí ló yẹ ká gbọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Keta ni mo ní lọ́kàn, ní ìlà-oòrùn etíkun Gánà, ní ẹkùn Volta, tí kò jìnnà sí ibodè Tógò. Àwọn ará etíkun Èkó mọ orúkọ náà dáadáa. Àwọn apẹja Ewe tí ń fa àwọ̀n ńlá létí òkun, tí wọ́n sì ń pabùdó káàkiri etíkun wa, Keta là ń pè wọ́n, ì báà jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti wá, ì báà má jẹ́ bẹ́ẹ̀.   Kí wọ́n tó gé agbègbè Anloga kúrò lára ìjọba ìbílẹ̀ Keta, 1,086 kìlómítà onígun mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, nǹkan bí 362 nínú rẹ̀ sì jẹ́ omi. Ìkànìyàn ọdún 2010 ka àwọn ènìyàn tó lé ní 147,000 síbẹ̀. Òkun wà ní gúúsù wọn. Ọ̀sà Keta, tó tóbi jù lọ ní gbogbo Gánà, wà ní àríwá, ó gùn tó kìlómítà 32, ó sì fẹ̀ tó 12. Ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín àwọn omi méjèèjì ni ìlú wà, ibẹ̀ náà ni oko wà, ibẹ̀ ni itẹ́ òkú, ọjà àti ilé ìwé wà. Ní Anloga ó fẹ̀ díẹ̀. Ní Keta fúnra rẹ̀, ẹni tó bá dúró sí àárín ìlú kò ní rìn jìnnà kó tó kan omi, ẹ̀yìn ni o, iwájú ni o.

Bẹ́ẹ̀ òjò ibẹ̀ kò pọ̀. Ènìyàn á rò pé gbogbo etíkun ni òjò ti ń ya lulẹ̀ bíi ti Èkó, tí òjò rẹ̀ ń lé ní 1,500 mílímítà lọ́dún. Ní agbègbè Keta, nǹkan bí ìdajì ìyẹn ni wọ́n ń rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, apá kan ọ̀sà á gbẹ, àwọn obìnrin á sì máa ha iyọ̀ nílẹ̀ rẹ̀ láti tà. Lórí ilẹ̀ tí iyọ̀ ti ń hù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin àlùbọ́sà.

Àlùbọ́sà kéékèèké pupa tó máa ń so ní ṣùpọ̀ṣùpọ̀ ni, èyí tí àwọn ará Accra fẹ́ràn púpọ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ oko yóò gbóríyìn fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ilẹ̀ tí kò ní ọ̀rá kankan, tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹ bá ti ń dà á, wọ́n pín in sí bẹ́ẹ̀dì kéékèèké, ojú ọ̀nà tóóró láàárín ọ̀kan àti èkejì. Níbi tó bá lọ sílẹ̀ jù, wọ́n kó yanrìn láti ibi gíga wá láti fi gbé e sókè. Wọ́n ra ìgbẹ́ màlúù láti òdìkejì ọ̀sà, wọ́n kó ìgbẹ́ àdán, ìgbẹ́ adìẹ, kódà ẹja wẹ́wẹ́ tí ọjà kò bá gbà, wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Oṣù méjì ó lé díẹ̀, àlùbọ́sà ti gbó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni wọ́n lè gbìn ín lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, láìfi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi. Kò sí àgbẹ̀ òkè odò tó lè fi ilẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe irú èyí.

Omi ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kànga ọlọ́wọ́ tí kò jìn ni wọ́n ń gbẹ́ sáàárín oko, wọn á sì máa fi garawa pọn ọ́n, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ tó ń dá ẹ̀yìn ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá wọn wí pé wọ́n fẹ́ sinmi. Láti àwọn ọdún 1990 ni kànga oníọ̀pá àti ẹ̀rọ tí ń fa omi ti ń gbilẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà gígùn àti ẹ̀rọ tí ń fọ́n omi káàkiri bí òjò. Oko fẹ̀ sí i. Kárọ́ọ̀tì, ata, ilá àti tòmátò wọ inú rẹ̀. Owó wọlé. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò ronú kàn: apá tó ń rẹ ènìyàn ló ti ń bá wọn ṣọ́ omi náà láti ọjọ́ yìí wá. Kì í rẹ ẹ̀rọ.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí omi ṣe wà nísàlẹ̀, torí ibi tí ìkìlọ̀ mi ti wá nìyẹn. Òjò tó bá rọ̀ sórí yanrìn, inú ilẹ̀ ló ń wọ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, omi òkun ti gba inú yanrìn wọlé láti ìhà kan, omi ọ̀sà láti ìhà kejì. Omi òjò fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, nítorí náà orí rẹ̀ ló ń léfòó sí bí epo pupa ṣe ń léfòó lórí omi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé epo kì í pò mọ́ omi bó ti wù kí a rò ó tó, ṣùgbọ́n omi dídùn lè pò mọ́ omi iyọ̀, kò sì sí ẹni tó lè yà wọ́n mọ́ lóko. Badon Ghyben, ará Netherlands, ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1888. Herzberg, ará Jámánì, tún dé orí ohun kan náà ní 1901. Wọ́n rí i pé bí ojú omi dídùn bá fi mítà kan ga ju ojú òkun lọ, yóò wọlẹ̀ tó nǹkan bí mítà 40 kó tó kan omi iyọ̀. Èyí dùn ún gbọ́ títí ẹ ó fi yí i padà. Bí ẹ bá fa omi títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré, tí ẹ kò sì jẹ́ kó padà sí ipò rẹ̀, omi iyọ̀ yóò fi bí mítà mẹ́rin gòkè wá pàdé yín. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn gan-an ló fi léwu, nítorí ọdún àkọ́kọ́ tí ẹ bá ra ẹ̀rọ, omi á dùn, ẹ ó sì máa rò pé ẹni tó kìlọ̀ fún yín ń ṣe ìlara ni.

Lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti Keta, ojú omi dídùn kì í sábà ga ju ojú òkun lọ dáadáa. Àwọn kànga kan ti di oníyọ̀ níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń ṣí kúrò nídìí ọ̀kan lọ sí ìdí òmíràn. Síbo ni wọn á ṣí dé? Òkun ń bẹ níwájú, ọ̀sà ń bẹ lẹ́yìn.

Àṣìṣe tí mo bẹ̀rù jù lọ kí àwọn ènìyàn wa má ṣe nìyí. Ní Ìbàdàn tàbí ní Ṣakí, bí kànga bá gbẹ tàbí tí omi rẹ̀ kò dára, agbẹ́kànga la óò pè padà kó gbẹ́ ẹ jìn sí i. Bí bàbá wa ṣe ṣe é nìyẹn, ó sì máa ń ṣiṣẹ́. Létí òkun, ìdàkejì rẹ̀ ni. Bí kànga bá bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ jìn sí i, ọ̀dọ̀ omi iyọ̀ lẹ ń gbẹ́ ẹ lọ yẹn. Ṣe ni kí ẹ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má jìn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ẹ dín fífà rẹ̀ kù, kí ẹ sì gbẹ́ òmíràn tí kò jìn síbòmíràn. Òótọ́ ni pé ní apá ibì kan ní Èkó, àwọn kan gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ kọjá omi iyọ̀ lọ bá omi dídùn mìíràn tí amọ̀ bò mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ olówó ńlá nìyẹn, ó sì gba ọ̀pá tí wọ́n dì pinpin kí omi iyọ̀ àárín má baà jò wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe ti oko ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé òun á bá yín ṣe é ní owó pọ́ọ́kú, ẹ bi í léèrè ibi tó ti ṣe é rí, kí ẹ lọ tọ́ omi ibẹ̀ wò.

Mo ní kí ẹ tọ́ omi wò, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé ahọ́n. Kí ahọ́n tó mọ̀ ọ́n, àlùbọ́sà ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí kò tóbi ju báírò lọ, tí wọ́n ń tì bọnú omi láti mọ bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. EC ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Bí àwọn márùn-ún bá dáwó jọ ra ẹyọ kan, ó tó wọn lò. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ ọ̀gbìn àgbáyé, tẹ̀ jáde ní 1985 ṣì wúlò títí di òní lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí omi tí ẹ ń bu rin àlùbọ́sà bá ti kọjá 0.8 lórí ẹ̀rọ náà (800 ni, bó bá jẹ́ pé µS/cm ló ń kà), èrè oko ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ní 1.8, ìdá mẹ́rin kan ti lọ. Ní 2.9, ìdajì ló kù fún yín. Kárọ́ọ̀tì kò le ju àlùbọ́sà lọ. Ata ń gbìyànjú díẹ̀, 1.0 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Tòmátò le jù wọ́n lọ, ó lè fara dà á dé 1.7 láìsọ ohunkóhun. Àgbọn kò bìkítà.

Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ náà, kó wo oko. Ṣóńṣó ewé á gbẹ bí ẹni pé iná lá a. Orí àlùbọ́sà á kéré. Bí ilẹ̀ bá mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn ti mú, nǹkan funfun á ti bo ojú bẹ́ẹ̀dì. Ọṣẹ kò ní hó nínú omi kànga bó ṣe ń hó tẹ́lẹ̀. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹta, kí òjò tó dé, ni kí ẹ wọn omi yín, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti fà á fún ìgbà díẹ̀. Omi tí a bá wọ̀n nínú Oṣù Keje ń purọ́ fúnni ni.

Kí wá ni ṣíṣe? Kànga mẹ́rin tí kò jìn, tí a ń fa díẹ̀díẹ̀ nínú wọn, sàn ju ọ̀kan ṣoṣo tí a ń fà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ. Kí ẹnu ọ̀pá tó ń fa omi wà nítòsí ojú omi, kì í ṣe nísàlẹ̀ kànga. Àárín ilẹ̀ ni kí kànga wà, kó jìnnà sí òkun, kó sì jìnnà sí ọ̀sà. Bí ẹ bá fà á ní wákàtí kan, ẹ jẹ́ kó sinmi kí ojú omi padà. Ẹ má fọ́n omi sókè lọ́sàn-án gangan. Afẹ́fẹ́ etíkun á gbé ìdá kan rẹ̀ lọ, oòrùn á lá òmíràn, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì kù sórí ewé. Ìdí ewéko ni kí omi dé, pẹ̀lú rọ́bà tí a lu ihò kéékèèké sí lára, àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́. Imọ̀ ọ̀pẹ àti ewé àgbọn tí a tẹ́ sójú bẹ́ẹ̀dì máa ń dín omi tí oko ń mu kù ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa náà ń mú kí yanrìn lè di omi mú.

Gbogbo èyí kò ní já mọ́ nǹkan bí ẹ̀yin bá ń ṣọ́ ti yín tí aládùúgbò yín ń fà á tọ̀sán-tòru, torí omi kan náà lẹ jọ ń mu nísàlẹ̀. Àfi kí àwọn olóko jókòó, kí wọ́n pín ọjọ́, kí wọ́n sì gbà lórí iye ẹ̀rọ tó lè wà lójú ilẹ̀ kan. Ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó máa kọ iye kànga sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn olóṣèlú wa ni pé ẹ̀rọ omi ni wọ́n ń pín bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́. Ẹ gba ẹ̀bùn wọn. Ẹ kàn má tan gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó so mọ́ èyí ni ohun tí à ń dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Yanrìn kì í dá nǹkan dúró. Ajílẹ̀ òyìnbó tí ẹ wọ́n lánàá, ìgbẹ́ adìẹ tútù, oògùn kòkòrò, gbogbo rẹ̀ ń bá omi lọ sísàlẹ̀, sínú omi tí ẹ óò pọn lọ́la. Ní ọ̀pọ̀ ibi létíkun, kànga tó wà lóko yẹn náà ni àwọn ará ilé ń mu. Ẹ má ṣe fọ ẹ̀rọ afínko nídìí kànga. Ẹ má ṣe lo oògùn òwú sórí ẹ̀fọ́, ẹ má sì lo oògùn ẹ̀fọn àti aáyán tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré. Àwọn kan ń ṣe é, wọ́n sì mọ ara wọn. Iye ọjọ́ tí wọ́n bá kọ sára ìgò pé kí ẹ dúró kí ẹ tó kórè, ẹ dúró. Ṣáláńgá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ kànga. Kí àlàfo àárín wọn tó 30 mítà, bí ilẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, tiyín tún ṣe pàtàkì ju ti gbogbo wa lọ. Omi tí ajílẹ̀ ti wọ̀ lè ṣe ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní ibi: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ tó bó ṣe yẹ, ètè àti èékánná rẹ̀ á sì máa dúdú bí aró. Bí ẹ bá rí èyí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Síse omi kò ràn án. Síse ń pa kòkòrò àìfojúrí, ó dára, ẹ máa sè é. Ṣùgbọ́n iyọ̀, ajílẹ̀ àti oògùn kì í bá ooru lọ; bí omi bá ṣe ń fà nínú ìkòkò ni wọ́n ń pọ̀ sí i nínú èyí tó kù. Omi òjò tí a gbè láti orí páànù tó mọ́, lẹ́yìn tí òjò àkọ́kọ́ bá ti fọ páànù náà, ló yẹ fún ẹ̀kọ ọmọ.

Ẹni tó ń ta yanrìn etí òkun ń ta omi, bó mọ̀, bí kò mọ̀. Yanrìn gíga ló ń gba òjò dúró, tó ń jẹ́ kí ojú omi dídùn ga tó láti ti omi iyọ̀ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbé e kúrò, omi á yọjú, oòrùn á máa lá a, òkun náà á sì rí ọ̀nà wọlé. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà. Ọ̀rọ̀ òkun náà kò yàtọ̀. Ní Keta, ilé olódi tí àwọn ará Denmark kọ́ ní 1784, Fort Prinzenstein, òkun ti kó apá kan rẹ̀ lọ ní 1980. Kì í ṣe yanrìn títà nìkan ló fà á. Òkun ti ń jẹ Keta láti ayé àwọn baba ńlá wọn, ìsédò Akosombo tí wọ́n parí ní 1965 sì dá púpọ̀ nínú yanrìn tí odò Volta ń gbé wá dúró. Ìjọba Gánà kó òkúta ńláńlá wá dènà òkun níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ó sì ran àárín ìlú lọ́wọ́. Àwa kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ibi. Ẹ bi àwọn ará Ayétòrò ní Ìlàjẹ léèrè, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ohun tó kù níbẹ̀ lónìí.

Àwọn kan á ní bí omi bá bàjẹ́, àwọn á gbin àgbọn. Kò burú, ẹ kàn mọ ibi tí ẹ ti ń gbé ọmọ rẹ̀ wá. Ní Woe, nítòsí Keta, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí àrùn kan ní 1932 tó ń mú kí èso àgbọn rẹ̀ dànù, kí ewé pọ́n, kí orí igi sì já. Ó pa oko àgbọn rẹpẹtẹ ní Gánà. A kò gbọ́dọ̀ kó ọmọ àgbọn kọjá ibodè láìgba ìwé àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó oko etíkun fún àwọn tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ rán ènìyàn yín lọ wò ó. Kó má bá ẹni tó ń tà á lọ nìkan. Kó lọ bá àwọn obìnrin tó ń pọn omi ládùúgbò, kó bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń pọn ti mímu, èwo ni ti fífọṣọ. Bí ti mímu bá jìnnà tí ti fífọṣọ sì wà nítòsí, ẹ ti gbọ́ èsì. Kó ka iye kànga tí wọ́n ti pa tì.

Ó ku ti ìkún omi. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, òkun ya wọ àwọn ìlú tó wà ní Keta, Anloga àti Ketu South, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì di aláìnílé. Ní 2023, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti Akosombo bo àwọn ìlú ìsàlẹ̀ odò Volta mọ́lẹ̀. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà fún àgbẹ̀: omi odò ń gbé ẹ̀gbin wọ kànga, omi òkun ń gbé iyọ̀ wọ̀ ọ́. Bí òkun bá bo kànga yín, ọkàn yín á sọ pé kí ẹ fà á gbẹ, kí ẹ tún fà á gbẹ, títí yóò fi dùn. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn ní agbègbè Batticaloa ní Sri Lanka lẹ́yìn ìgbì òkun ńlá ti oṣù Kejìlá ọdún 2004, àwọn onímọ̀ omi sì rí i pé fífà léraléra kò ràn wọ́n lọ́wọ́, ó tilẹ̀ lè fa iyọ̀ púpọ̀ sí i wọlé, kó sì mú kí ògiri kànga ya lulẹ̀. Ẹ kó ìdọ̀tí inú rẹ̀, ẹ fa omi náà jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dà á síbi tó jìnnà. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò ni kí ẹ dúró dè. Ó lè tó ìgbà òjò kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí gbogbo ilé máa mu omi òjò tàbí omi ọkọ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ilẹ̀ oko náà ń fẹ́ òjò tí yóò fọ iyọ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹ ya ojú bẹ́ẹ̀dì kí òjò lè wọlé, ẹ má sì sáré gbin àlùbọ́sà padà. Ẹ̀wà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò, torí ó lè fara da omi tó níyọ̀ dé 3.3 lórí ẹ̀rọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀wà bá ṣe dáadáa, ẹ gbin tòmátò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ata. Kí àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì kẹ́yìn, nígbà tí omi kànga bá ti padà sí 0.8 ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn.